Apá Tí Mi Ò Wò

Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Netflix bẹ onímọ̀ nípa àṣà ọmọ ènìyàn kan lọ́wẹ̀, Grant McCracken, pé kó lọ máa jókòó sílé àwọn èèyàn, kó wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wo síríìsì. Oṣù kejì ọdún yẹn náà ni wọ́n kó gbogbo apá 13 House of Cards sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wù kó wò ó tán kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lóṣù kejìlá, ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè sọ ni pé bí èèyàn bá ti wo apá 2 sí 6 síríìsì kan náà ní ìjókòó kan, binge nìyẹn. Inú ọ̀pọ̀ wọn sì dùn láti sọ pé àwọn ń ṣe é. Netflix polówó àbọ̀ náà dáadáa. Ta ló máa ṣèwádìí ọjà ara rẹ̀ tó máa ní kò dára?

Mo máa ń rò ó pé, ká ní McCracken gba Ọ̀yẹ́-Èkìtì kọjá ńkọ́? Ká ní ó kanlẹ̀kùn ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, níbi tí ọmọkùnrin mẹ́fà ti há sórí bẹ́ẹ̀dì kan, tí lápútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú wà lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Fíláàṣì tó wà lára rẹ̀, wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹni tó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíì. Síísìn kìn-ín-ní àti ìkẹta ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìkejì gbà lọ. Wọ́n wo ti àkọ́kọ́ tán, iná lọ. Nínú òkùnkùn yẹn, ọ̀kan nínú wọn tó ti wo ìkejì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń fọwọ́ ṣe ìbọn, ó ń fẹnu dún bí ọkọ̀, ó ń yí ohùn padà láti ti ọlọ́pàá sí ti olè. Nígbà tí ariwo "Up NEPA!" fi sọ ládùúgbò, síísìn kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí ni ọkùnrin náà máa kọ sínú ìwé rẹ̀? Apá mélòó ni wọ́n wò? Ìjókòó mélòó nìyẹn? Síísìn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ wọn ńkọ́, ṣé wọ́n wò ó ni àbí wọn ò wò ó?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn.

Yunifásítì kan ní Èkìtì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Èkìtì tí wọ́n ń pè ní orísun ìmọ̀, tí wọ́n ní kò sí agboolé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ò ti jáde (àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ létí ará ilé wa). Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin, nípa físíìsì, nípa ajílẹ̀ àti iṣu, gbogbo ìyẹn yé wọn. Nígbà tí Màámi ní Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ pé síríìsì ni mo ń wò láti fi gboyè dókítà, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Wọ́n á sì máa sanwó fún ọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ronú sí i díẹ̀. "Ó dáa. Ṣáà má jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ gbọ́."

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kì í sábà sọ síta. Ẹni tó ń kọ́ nípa fíìmù lè wo fíìmù wákàtí méjì léraléra títí yóò fi mọ ibi tí kámẹ́rà ti yí ọrùn. Síríìsì tó bá ní síísìn mẹ́fà, tí síísìn kọ̀ọ̀kan sì ní apá 13, wákàtí 60 ló fẹ́ẹ̀ gbà, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ wo ìyẹn léraléra? Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń wò ó, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, a ó wá padà sí àwọn ibi tí a ti fàmì sí. Àwa tó ń kọ̀wé nípa àwòmọ́jú, bí mo ṣe máa ń pe binge ní kíláàsì, àwa gan-an ni aláwòmọ́jú àgbà. Iṣẹ́ la fi ń bojú.

Kì í ṣe pé kò lérè. Bí o bá wo apá mẹ́jọ tẹ̀léra, ọgbọ́n òǹkọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí ọ lójú gbangba. Wàá rí i pé gbogbo ìgbà tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí apá kan parí ni ẹnì kan máa ń já ìwé gbà tàbí kan ilẹ̀kùn. Wàá rí i pé wọ́n ń pe orúkọ ara wọn ní àpèjù, kí ẹni tí kò wo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Wàá rí obìnrin tó lóyún ní apá kejì tí oyún náà ò sì jẹ́ kó rìn kánkán mọ́ ní apá kẹta, àmọ́ ní apá kẹfà ó ń fo odi. Jason Mittell, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2015, fi hàn pé lára ohun tó jẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn lè lọ́ ìtàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé DVD àti ẹ̀rọ tó ń gba ètò sílẹ̀ ti dé: wọ́n mọ̀ pé òǹwòran lè dá a padà, kó wá ohun tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n á dá àwòrán dúró, wọ́n á nàka sí aago ara ògiri pé, "Mà, ẹ wò ó, aago mẹ́ta ló sọ ṣáájú!"

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí gbogbo ìwádìí yìí ń kà. Apá. Wákàtí. Síísìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Àárín apá kan sí èkejì, tí kò sí ohunkóhun lójú ẹ̀rọ, kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Láyé ọjọ́un, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àárín yẹn. Netflix sọ ọ́ di ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, apá tó kàn á ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó rí ibi tí o gbé fóònù sí. Ohun tí èmi ń sọ ni pé lọ́dọ̀ tiwa, inú àárín yẹn ni ìdajì eré ti ń ṣẹlẹ̀. Ó lè ju ìdajì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Checkmate, tí Amaka Igwe kọ, tí NTA bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1991, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ládùúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, tẹlifíṣọ̀n kan ló wà tó ń ríran dáadáa. Ti bàbá kan tó jẹ́ tíṣà àgbà ni, ó ní ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọmọ tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ ti wẹ̀, kó ti jẹun nílé wọn, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má sì béèrè ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọn kì í jẹ́ kí n lọ, nítorí abọ́ tí mi ò tíì fọ̀, tàbí nítorí pé Màámi ṣáà ní mi ò lọ. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa Segun Kadiri àti Ann Haatrope, lẹ́nu ọmọbìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì ni mo ti gbọ́ ọ, láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnu Ìkẹ́rẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Àwọn olówó yẹn, pẹ̀lú kóòtù àti ọ́fíìsì wọn, ẹnu Èkìtì ni wọ́n fi ń jà, òun ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ. Ẹni tó bá ṣépè níbẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣépè ló ṣe ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi yìí máa ń fi ibì kan sílẹ̀ láìsọ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹni tó bá gbé ẹ̀wà wá lè bù fún un. Ó ti mọ òwò dídá ìtàn dúró kí ẹnikẹ́ni tó dá Netflix sílẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, mo rí díẹ̀ lára eré náà wò. Ó dára, ó ju bí mo ṣe rò lọ. Àmọ́ ìran tí mo rántí jù, níbi tí obìnrin kan ti ya ìwé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tó sì ń jẹ ẹ́ lójú ọkọ rẹ̀, mi ò tíì rí i níbì kankan. Ó lè wà nínú èyí tí ọwọ́ mi ò tíì tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ló dá a sílẹ̀ nítorí ẹ̀wà. Èwo nínú méjèèjì ni mo fẹ́ kó jẹ́? Bí mo bá sọ òótọ́, èkejì ni.

Àṣà náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ó ní òun wà lórí àìsàn, ó ń jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ẹwà òun jayé nígbà tí òun wà lọ́mọge. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní Èkó. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀. Àwọn kan fowó ránṣẹ́ kó lè fi tọ́jú ara rẹ̀. Karin Barber, tó ti kọ́ni ní Ifẹ̀ tó sì gbé ní Òkukù, tún ìtàn náà gbé jáde ní 2012, ó sì fi àwọn lẹ́tà òǹkàwé sí i. Bí o bá ka ti Sẹ̀gilọlá nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lè sú ọ: ẹkún yìí náà, ìkìlọ̀ yìí náà, orin yìí náà. Ìgbà tí o bá rántí pé ọjọ́ méje wà láàárín ẹkún kan sí èkejì, tí ọjà Èkó fi ń sọ ọ́, tí ọkọ àti ìyàwó fi ń jiyàn lórí ẹni tí obìnrin náà jẹ́, ìgbà yẹn ló tó máa yé ọ ìdí tí ènìyàn fi máa yọ owó lápò fún ẹni tí kò sí. Àkàrà-oògùn náà, nínú Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà, kò sọ ìtàn rẹ̀ tán ní ìjókòó kan. Ó lọ, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tó sì fi máa dé, èrò ti pé jọ dè é.

Ẹ wá wo ohun tó kù lọ́wọ́ àwa tó fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 31 October 1959, nípasẹ̀ WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kó tó dé ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Village Headmaster, tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1968 títí di 1988. Ogún ọdún! Ṣùgbọ́n téèpù wọ́n nígbà yẹn, wọ́n máa ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ṣeé rí nínú eré náà lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi í ṣe àwòmọ́jú, kí ló fẹ́ wò? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló máa lọ, á ní kí wọ́n sọ ọ́ fún òun. Ìyẹn ni pé, ìmọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́, ìmọ̀ nípa àsọtúnsọ ni, yálà a fẹ́ ẹ tàbí a kọ̀ ọ́.

Tòde òní náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, owó àti iná ló fà á. Netflix dé Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Àlàyé tí àwọn fúnra wọn ṣe ni pé wíwò tó mọ́ dáadáa lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, èyí tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ tó 1GB. Síríìsì wákàtí mẹ́wàá, lórí ìwọ̀n tó kéré, lè gba 10GB. Ní January 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù, tún fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dáko iṣu kò ní fi dátà oṣù kan wo eré kan. Ó máa gba fíláàṣì, tàbí kó lọ jókòó ti ẹni tó ní i. Kò sóhun tó burú níbẹ̀; àmọ́ kò sí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan tó máa ka ọmọ yẹn, nítorí pé orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí àkáǹtì.

Ní ti iná, ìwé méjì ni mo máa ń gbé síwájú kíláàsì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n lè bára wọn jà. Àkọ́kọ́ ni ti Raymond Williams, 1974. Ó sọ níbẹ̀ pé òun dé Miami láti orí ọkọ̀ ojú omi, òun ń wo fíìmù lójú tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, òun kò sì mọ ibi tí fíìmù ti parí tí ìpolówó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló ti yọ èrò náà jáde pé tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ètò kan lẹ́yìn òmíràn, ìṣàn kan ṣoṣo ni, bí odò. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì ti bí ìwé púpọ̀. Ìkejì ni ti Brian Larkin, 2008, tó ṣèwádìí ní Kánò. Òun ní tirẹ̀ kọ̀ láti wo ẹ̀rọ tó bàjẹ́, fídíò tí wọ́n dà kọ láti ara èyí tí wọ́n ti dà kọ, àti ariwo jẹnẹrétọ̀ bí ohun tó kàn ń dí eré lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ara eré ni wọ́n. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí, bí a ṣe dé orí Williams ni iná lọ, tí aṣàfihàn kú. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Mà, odò ti gbẹ!" Mi ò tún ní láti ṣàlàyé Larkin mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá yé mi jù kì í ṣe kíláàsì o. Nítòsí páàkì Fájuyì ní Adó, ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan wà tí mo máa ń lọ. Tẹlifíṣọ̀n wà lókè ògiri, Zee World ló máa ń wà lórí rẹ̀. Láti 2015 ni ìkànnì yẹn ti ń gbé eré àwọn ará Íńdíà wá fún wa, tí wọ́n ti fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni eré náà, apá rẹ̀ sì pọ̀ bí iyanrìn. Onídìrí ń wò ó lójoojúmọ́ nítorí pé ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Àwa oníbàárà, ìgbà tí irun bá gbó la máa ń dé. Nítorí náà, bí o bá ti jókòó, kó tó kó òòyà sí ọ lórí, ìbéèrè kan ló máa ń bi ọ́: "Àǹtí, ibo lẹ bá a dé?"

O máa sọ ibi tí o bá a dé. "Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó ni."

"Háà! Àǹtí, ẹ ti jìnnà sẹ́yìn o. Wọ́n ti ṣe é, ó ti tú ká, ìyá ọkọ ti lé e jáde. Ẹ jókòó dáadáa."

Ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́. Kó tó dé iwájú orí, o ti gbọ́ ti odindi oṣù kan. Kì í pe orúkọ Íńdíà kankan. Ìyálé ń bẹ, Alágídí ń bẹ, Ọkọ Ọ̀dẹ̀ ń bẹ, ìránṣẹ́bìnrin kan sì wà tó ń jẹ́ Amẹ̀bọ. Ibi tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó máa ń fò ó, ó ní ìranù ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ibi tó bá dun òun, ó máa dá ọwọ́ irun dúró, á bọ́ síwájú rẹ, á ṣe é fún ọ bí obìnrin náà ṣe wólẹ̀ tó ń bẹ ìyá ọkọ. Àwọn tó kù kì í sì í dákẹ́. "Irọ́ ni, kì í ṣe àbúrò ló fi májèlé sí i, ìyálé ni." "Àbúrò ni, èmi wò ó lánàá." "Tó o bá wò ó, ta ló wọ aṣọ pupa?" Ó lè di ìjà. Ó sì máa ń kúrò lórí ọ̀rọ̀ Íńdíà. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tí wọ́n ń di kólẹ́sẹ̀ fún ní ohun tí ìyálé yẹn ṣe, ó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn, gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ti ìwé àkọsílẹ̀ mi bọ àpò. Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti kọ.

Nígbà tí mo bi onídìrí bóyá mo lè máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ san owó irun tó wà nílẹ̀.

Ẹ fi òṣùwọ̀n Netflix wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Obìnrin kan jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó gba ohun tó lé ní ogún apá. Ó ti kọjá 6 fíìfíì. Kò sì wo ẹyọ kan. Ó mọ ìtàn náà ju èmi tí mo ní àkáǹtì lọ, nítorí pé òun gbọ́ ọ pẹ̀lú ìdájọ́ àti àtakò. Èmi nìkan ni mo dá wo tèmi, ní òru, tí fóònù ń bi mí bóyá mo ṣì ń wò ó. Ẹ̀rọ nìkan ló béèrè.

Ohun mìíràn tí mo kíyè sí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ pé, "Ẹ má sọ fún mi." Ní kíláàsì mi, òfin ni. Ní March 2024, nígbà tí Netflix gbé apá 6 síríìsì Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kíláàsì pín sí méjì láàárọ̀ ọjọ́ Monday. Àwọn tó ti wò ó tán fẹ́ jiyàn. Àwọn tí kò tíì rí dátà di etí wọn, àwọn kan tiẹ̀ jáde síta. Ọmọ Yorùbá ń bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó má sọ ìtàn Yorùbá fún òun! Àwa nígbà tiwa, ẹ̀wà la fi ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo ń bú wọn. Ẹni tó fi owó oúnjẹ ra dátà ní ẹ̀tọ́ sí ìyàlẹ́nu tirẹ̀. Àmọ́ mo rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí gbogbo wọn ti wò ó tán, kò sí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó yẹ ká jiyàn, a ò lè jiyàn. Ìgbà tí a wá lè jiyàn, eré mìíràn ti dé.

Ní 2017, Reed Hastings, tó jẹ́ ọ̀gá Netflix nígbà náà, sọ pé oorun ni àwọn ń bá díje. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kiri bí àwàdà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ló ń sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Ní 2019, Disney+, tó ń bá Netflix du òǹwòran, bẹ̀rẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé eré rẹ̀ tó lókìkí jù jáde. Ní 2022, Netflix pín síísìn kẹrin Stranger Things sí méjì, ó fi oṣù kan àti díẹ̀ sáàárín. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ tán lóru ọjọ́ kan lè fagi lé àkáǹtì rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti rí ìyẹn. Lórí YouTube ńkọ́, níbi tí àwọn òṣèré Yorùbá kó lọ báyìí? Apá kìn-ín-ní á jáde, àwọn èèyàn á kún abẹ́ rẹ̀ pé, "Apá kejì dà?", wọ́n á máa bá ìyàwó inú eré wí bí ẹni ń bá ọmọ wọn wí. Màámi wà lára wọn. Àbúrò mi ló ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Ní sáà yìí, mo fún kíláàsì ọdún kẹta ní iṣẹ́ kan: kí wọ́n má kọ nípa síríìsì tí wọ́n wò, kí wọ́n kọ nípa ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, tàbí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Àwọn kan bínú. Wọ́n ti wo nǹkan sílẹ̀ de ìdánwò. Ọmọbìnrin kan láti Ìjerò kọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ọmọ yìí á máa wo eré, á máa sọ ohun tó ń rí fún un, ìyá àgbà á máa sọ ohun tó kàn kó tó ṣẹlẹ̀. Bí eré bá lọ síbòmíràn, ìyá àgbà á ní àwọn tó ṣe é ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, á sọ bó ṣe yẹ kó parí, bí òun ṣe sọ ọ́ náà ni ọmọ yìí sì lọ ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó bá padà sílé, á tún gbé ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí wá fún ìyá àgbà. Iṣẹ́ náà wú mi lórí débi pé mo ní kó sọ ọ́ di ìwé àṣekágbá rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àkọlé wò kò kọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: nínú ìtọ́kasí, ta ni a ó kọ pé ó ni eré náà, nígbà tó jẹ́ pé ìparí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tú palẹ̀ kò sí lójú tẹlifíṣọ̀n rárá? Wọ́n ní kí n mú ìlànà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ̀nà méjì. Nínú ọ̀kan, orúkọ olùdarí eré ló ṣáájú, ìyá àgbà wà nínú àlàyé. Nínú èkejì, ìyá àgbà ló ṣáájú. Èkejì ni mo máa kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.